Ìlà Tí Mo Fò

“A bá yín kẹ́dùn gan-an. Èèyàn yín tó wà lọ́dọ̀ wa ní wọ́ọ̀dù kẹta sùn lọ láàárọ̀ yìí, kò jẹ ìrora kankan. Ẹ fara balẹ̀ máa bọ̀. A ó dúró tì yín.”

Fóònù mẹ́tàdínlógójì ni àtẹ̀jíṣẹ́ yìí wọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá òwúrọ̀. Kò sì sẹ́ni tó kú. Gbogbo aláìsàn mẹ́tàdínlógójì tó wà ní wọ́ọ̀dù kẹta ló wà láàyè, wọ́n ń mu tíì, wọ́n sì ń ráhùn pé ṣúgà inú rẹ̀ ò tó. Ìyá àgbàlagbà kan wà lára wọn tó ń bá nọ́ọ̀sì fa ọ̀rọ̀ pé ara òun ti yá, kí wọ́n jẹ́ kóun máa lọ sílé. Ọkọ ìyá yìí, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà níbi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé wọn. Àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án ló fi gbogbo ara yí dé ìsàlẹ̀. Apá rẹ̀ kán, ó sì fara pa lórí.

Èmi ni olórí àwọn tó kọ ètò orí ayélujára tí ilé ìwòsàn náà fi ń ránṣẹ́ sí ẹbí aláìsàn. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí gan-an ni mo fẹ́ sọ ọ́, mi ò ní fi iyọ̀ sí i. Wọ́n máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi jẹ ẹ̀sín ní tèmi, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo jí, mo sì fọ eyín.

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí ọlọ́pàá rán wá wọlé. Obìnrin ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó so gíláàsì rẹ̀ mọ́ ọrùn bí ẹni tí gíláàsì ti sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ-Tún-un-Sọ ni wọ́n ń pè é ní àgọ́ wọn. Ohunkóhun tó o bá sọ fún un, á ní kó o tún un sọ, ohun tó bá sì yàtọ̀ nínú sísọ kejì ló máa ń fi pẹ́ńsùlù kọ sínú ìwé.

Kò tíì jókòó tó fi dúró síwájú àwòrán kan lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa.

“Ẹ̀yin rèé?”

“Èmi ni, mà. Ọjọ́ tí àlejò wá wo ètò náà fún ìgbà àkọ́kọ́ ni. Ó ti pé ọdún mẹ́rin.”

“Ẹ ti sanra sí i.”

“Àga ọ́fíìsì ni, mà.”

Ó rẹ́rìn-ín. Olùdarí wa ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Obìnrin tí kì í fi àkókò ṣòfò ni. “Aago méjìlá ni àwọn ará ilé ìwòsàn ń bọ̀,” ló wí. “Orúkọ kan ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, mo sì ti ní in. Ọwọ́ yín ló kù sí kẹ́ ẹ mú un lọ.”

Orúkọ tó ní lọ́wọ́ náà ni ti ọmọbìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Àbíkẹ́yìn, torí òun ló dé kẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ kẹrin rẹ̀ nìyẹn lẹ́nu iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó rí láyé rẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ náà ti jáde. Bí orúkọ rẹ̀ bá fi lè wọ ìwé lọ́jọ́ yẹn, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọlọ́pàá á tì í mọ́lé lórí ẹ̀sùn pé ó fi irọ́ ikú dẹ́rù ba ará ìlú, kò sì sí ọ́fíìsì tó máa jẹ́ kó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà wọn mọ́.

Wọ́n mú un wọlé. Ojú rẹ̀ ti wú.

“Ìwọ lo kọ àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn?” ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà bi í.

“Èmi ni, mà. Èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ le jù. ‘Aláìsàn yín ti kú, ẹ wá gbé e.’ Wọ́n ní kí n fi ọ̀rọ̀ tútù sí i.”

“Ó tutù lóòótọ́. Òun ló jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́. Kí lo wá fi ṣe?”

“Mo dán an wò ni, mà. Mo mú wọ́ọ̀dù kẹta, bọ́tìnì ìdánwò ni mo sì tẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tí kò sí ló yẹ kó lọ.”

“Àwọn tí kò sí? Tún un sọ, kó yé èmi ìyá rẹ.”

Àbíkẹ́yìn nu imú. Ẹ̀kọ́ yé ọmọ náà, bó ṣe ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò jẹ́ kí n lè ṣàfikún kankan. “Ilé mẹ́ta ni ètò wa ní, mà. Ọ̀kan wà lórí kọ̀ǹpútà oníkálukú wa. Ìkejì ni ilé ìdánwò, tí gbogbo wa ti ń yẹ iṣẹ́ wò. Ìkẹta ni ilé gidi, èyí tí ilé ìwòsàn ń lò. Kóòdù kan náà ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kọ́kọ́rọ́ ló yàtọ̀.”

“Kọ́kọ́rọ́ onírin?”

“Rárá, mà. Ọ̀rọ̀ àṣírí gígùn kan ni, lẹ́tà àti nọ́ńbà. Bí ètò bá fi kọ́kọ́rọ́ ìdánwò kanlẹ̀kùn, ẹbí ayédèrú tí a dá sílẹ̀ ló máa bá níbẹ̀. Bó bá fi ti gidi kàn án, fóònù èèyàn gidi ló máa dún.”

“Ìwọ ní ti gidi lọ́wọ́?”

“Mi ò rí i rí, mà.”

“Tún un sọ.”

“Mi ò rí i rí. Fáìlì kan ṣoṣo tí mo ní, Bọ̀dá Onírùngbọ̀n ló fún mi kí wọ́n tó fiṣẹ́ sílẹ̀.”

“Ó parí!” Olùdarí ti dìde. “Onírùngbọ̀n! Ó bá mi jà kó tó lọ. Ó ti ilẹ̀kùn gbàgà, gíláàsì já bọ́!”

Ó yẹ kí n sọ nǹkan kan nípa fáìlì yẹn. Ní ọ́fíìsì wa, ẹni tuntun gbọ́dọ̀ kọ fọ́ọ̀mù kó tó rí kọ́kọ́rọ́ gbà, èèyàn mẹ́ta ló máa buwọ́ lù ú, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló sì máa ń gbà. Ta ló fẹ́ jókòó ní ọjọ́ mẹ́sàn-án kó máa ka ìka ọwọ́ rẹ̀? Nítorí náà, ẹni tó bá ṣáájú á fún ẹni tuntun ní fáìlì kékeré tiẹ̀, èyí tí gbogbo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú ẹ̀, á ní, “Gba tèmi lò ná.” Aṣọ ìkíni là ń pè é, bí aṣọ tí wọ́n fi ń kí ọmọ tuntun. Èmi ni mo dá àṣà náà sílẹ̀, mo sì máa ń fi ṣe fọ́ńté pé lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tuntun kì í sùn níhòòhò.

Ẹ-Tún-un-Sọ kọ nǹkan sínú ìwé. “Mo máa lọ rí Onírùngbọ̀n,” ló wí. “Ẹ kọ́kọ́ mú mi lọ síbi tí wọ́n ń kó kọ́kọ́rọ́ sí.”

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ kọ́kọ́rọ́ wa tín-ín-rín, ó máa ń de bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì dé ọ̀fun. Bàbá Fọ́ọ̀mù la sọ ọ́, a sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, torí pé kò sí ohun tó o máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní fún ẹ ní ìwé kó o kọ́kọ́ kọ ọ́.

“Àkọsílẹ̀ rèé, mà,” ló wí. “Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, láti orí kọ̀ǹpútà Àbíkẹ́yìn. Kọ́kọ́rọ́ gidi ni wọ́n fi ṣílẹ̀kùn.”

“Ta ló ní i lọ́wọ́?”

“Èmi nìkan, mà. Inú àpótí àṣírí orí ẹ̀rọ ló wà. Kò sẹ́lòmíràn tó lè ṣí i.”

“Ẹ̀yin lẹ ránṣẹ́ nìyẹn.”

Ẹnu Bàbá Fọ́ọ̀mù là sílẹ̀.

“Mo kàn ń ṣeré ni. Ẹ máa ń pààrọ̀ wọn?”

“Ti ìdánwò, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, mà. Àná ni mo pààrọ̀ ẹ̀, mo sì ti kéde ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Èyí tó wà tẹ́lẹ̀ kú láàárọ̀ yìí, aago mẹ́jọ géérégé.”

“Ti gidi ńkọ́?”

Ó wojú mi kó tó dáhùn. “A ò pààrọ̀ ẹ̀ rí, mà. Láti ọdún mẹ́rin. Wọ́n ní bí a bá fọwọ́ kàn án, iṣẹ́ ilé ìwòsàn lè dúró.”

“Ta ni ‘wọ́n’?”

“Ọ̀gá mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín yìí.”

Mo wúkọ́. Kò sí ikọ́ tó ń ṣe mí.

“Ọmọ yìí ti gba kọ́kọ́rọ́ ìdánwò tuntun?”

“Fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà lórí tábìlì mi. Ọjọ́ kẹta rèé.”

“Nínú mẹ́sàn-án.”

“Nínú mẹ́sàn-án, mà,” ni Bàbá Fọ́ọ̀mù wí, ó sì dorí kodò. Ojú ń ti òun náà.

Obìnrin náà fi pẹ́ńsùlù họ orí. “Ẹ jẹ́ kí n rò ó sókè. Kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ ọmọ yìí kú ní aago mẹ́jọ. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà, ó kanlẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ tó ti kú kì í ṣílẹ̀kùn, ó sì yẹ kí ilẹ̀kùn dúró ní títì, kí ọmọ náà kàn máa bínú. Ilẹ̀kùn ṣí. Ó ní láti jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ kejì wà nínú fáìlì yẹn, tí òun alára ò mọ̀ nípa rẹ̀.” Ó yí kọ̀ǹpútà Àbíkẹ́yìn sọ́dọ̀ mi. “Ojú mi ò dára, ọ̀gá. Ẹ bá mi kà á sókè, láti òkè dé ìsàlẹ̀.”

Bàbá Fọ́ọ̀mù jókòó sódìkejì tábìlì, ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ láti máa fi wéra. Olùdarí dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Orúkọ ètò. Àdírẹ́sì ilé ìdánwò. Kọ́kọ́rọ́ ìdánwò, èyí tó ti kú. Mo kà á dé ìlà keje láìsí wàhálà.

Ohun tó wà ní ìlà kẹjọ rèé: “Ẹ má fọwọ́ kan èyí. Mo ń bọ̀ wá yọ ọ́. Àlejò wà nílẹ̀.”

Ẹ̀rọ kì í ka irú ìlà bẹ́ẹ̀, èèyàn la máa ń kọ ọ́ fún. Èmi ni mo kọ ọ́. Mo rántí ọjọ́ náà kedere: àwọn àlejò ti jókòó, kọ́kọ́rọ́ ìdánwò kọ̀ kò ṣiṣẹ́, òógùn bò mí, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ gidi sábẹ́ rẹ̀ bí àfipamọ́. Mo wá fi kóòdù kan kún un pé bí tàkọ́kọ́ bá kọ̀, kí ètò dán ìkejì wò. Ó ṣiṣẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n sì yà mí ní fọ́tò. Mo lọ jẹun, n ò sì padà wá yọ ohunkóhun. Nígbà tó yá, mo fún ẹni àkọ́kọ́ tí a gbà síṣẹ́ ní fáìlì náà pẹ̀lú ọ̀yàyà.

Mo fo ìlà kẹjọ. Mo bọ́ sórí ìkẹsàn-án bí ẹni pé kò sí nǹkan kan láàárín, mo ní, “Kọ́kọ́rọ́ àfipamọ́,” mo sì ka ìparí rẹ̀: “Q, méje, méje, T.”

Bírò bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Fọ́ọ̀mù. “Ti gidi nìyẹn! Ta ló fi síbẹ̀?”

Mo ka ìyókù parí. “Ẹ tún un kà,” ni obìnrin náà wí. Ó ń fi ìka lu orókún rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mo rò pé àṣà rẹ̀ ni.

Mo tún un kà, mo sì tún un fò. Nígbà tí mo parí, mo wo aago ara ògiri. Aago mẹ́wàá ni.

Gbólóhùn kan péré ni mo ní láti sọ. N ò rí ohun tó dí mi lọ́nà ju ojú Olùdarí lẹ́nu ọ̀nà lọ, àti pé gbogbo àwọn tó wà ní yàrá kejì ló ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Mo rò ó pé màá sọ ọ́ tó bá ku èmi àti obìnrin yìí nìkan. Nígbà tó wá ku àwa méjèèjì, ó ti gbé báàgì rẹ̀, ó ti ń lọ rí Onírùngbọ̀n, mo sì kí i pé ó dàbọ̀.

Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo gbọ́ ohùn Olùdarí lórí fóònù. “Bẹ́ẹ̀ ni. A ti mọ ẹni tó ṣe é. Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Kò burú, ẹ lè sọ fún àwọn ẹbí.”

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gan-an ni mo wà. Ọwọ́ mi wà lórí rẹ̀. Mo yí padà, mo lọ bu omi mu.

Àbíkẹ́yìn bá mi níbẹ̀. Wọ́n ti ní kó palẹ̀ mọ́, ó gbé páálí kan dání. Ife rẹ̀ wà nínú rẹ̀, àti súwẹ́tà kan, àti ìwé tó fi ń kọ́ orúkọ gbogbo wa sórí.

“Ẹ̀gbọ́n,” ló wí, “bó bá di aago méjìlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Tiyín ni wọ́n máa gbọ́.”

“Má dààmú.”

“Mi ò tíì sọ fún màmá mi. Mo ní kí n kọ́kọ́ mọ ibi tó máa já sí.”

“Mo ní má dààmú.”

Bí ọ̀fun mi ṣe gbé ọ̀rọ̀ yẹn jáde, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu. Mo lọ ti ara mi mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ń fi omi bọ́jú, mo sì ń pín ẹrù mi fún àwọn ẹlòmíràn: Onírùngbọ̀n ló fún un ní fáìlì, Bàbá Fọ́ọ̀mù ló pa kọ́kọ́rọ́, òun fúnra rẹ̀ ló tẹ bọ́tìnì. Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè a máa mólóko. Èmi ni olè tó dúró wo bí wọ́n ṣe ń mú olóko lọ, tí mo sì tún ń ní kó má dààmú.

Ní aago méjìlá, gbogbo wa ti wà ní yàrá ìpàdé. Ọkùnrin méjì wá láti ilé ìwòsàn, wọn ò bọ́ kóòtù. Àbíkẹ́yìn jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, páálí rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Ẹ-Tún-un-Sọ ló sọ̀rọ̀.

“Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ Onírùngbọ̀n kúrò nílẹ̀. Ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, orí àga dókítà eyín ló wà, ẹnu rẹ̀ là, ọwọ́ dókítà méjèèjì sì wà nínú ẹ̀. Dókítà jẹ́rìí sí i. Ó tiẹ̀ fi eyín náà hàn mí nínú bébà. Mi ò béèrè.”

Ọ̀kan nínú àwọn ará ilé ìwòsàn fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

“Ó ní lọ́jọ́ tóun ń lọ, ẹ gba káàdì lọ́wọ́ òun, ẹ gba kọ̀ǹpútà, ẹ tún gba ife tóun fi ń mu tíì. Kò sẹ́ni tó pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú fáìlì òun. Òun ò sì mọ ohun tí àfipamọ́ yẹn jẹ́. Wọ́n ní kóun má fọwọ́ kàn án, òun ò fọwọ́ kàn án.”

“Ta ló ní kó má fọwọ́ kàn án?” ni Olùdarí bi í.

Obìnrin náà ṣẹ́jú sí Bàbá Fọ́ọ̀mù, ìyẹn dìde bí ọmọ ilé ìwé, ó sì ka ìlà kẹjọ sókè. Etí mi gbóná.

“Nígbà tí mo padà dé, mo ní kí wọ́n ṣí gbogbo kọ̀ǹpútà yàrá yẹn fún mi,” ni obìnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “Ìlà yìí wà nínú gbogbo wọn. Mo bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé ta ló kọ ọ́. Oníkálukú ní ẹni tó fún òun ni, pé ẹni yẹn ń bọ̀ wá yọ ọ́. Ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì gba kọ́kọ́rọ́ tuntun, tó wá tẹ bọ́tìnì yẹn lónìí, òun là bá máa dá lẹ́jọ́ níbí. Ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ yìí kò ju pé ó tètè dé ibi iṣẹ́ lọ.”

“Ẹni tó kọ ọ́ wá ńkọ́?”

“Àlejò wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo wo ìwé tí wọ́n fi ń gba àlejò lẹ́nu géètì. Kí ẹ tó gba ẹni kejì síbi iṣẹ́ kóòdù, tó bá ìlà náà nílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àlejò wá.” Ó fi pẹ́ńsùlù rẹ̀ sínú báàgì, ó sì fa síìpù rẹ̀. “Mo mọ̀ ọ́n. Ó wà nínú yàrá yìí. Ẹnu rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́ ọ.”

Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn lókè. Mo ń wo tábìlì.

Olùdarí wo aago ọwọ́ rẹ̀. “Ìyáàfin, a ò ní jókòó ṣe àlọ́ níbí. Ẹni tó tẹ bọ́tìnì la mọ̀.” Ó fa bébà kan mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ọmọ náà. Àbíkẹ́yìn ń wo bírò náà bó ṣe ń lọ. Kò sunkún mọ́. Ó kàn ń ká súwẹ́tà rẹ̀, ó ń tú u, ó sì tún ń ká a.

“Èmi ni.”

N ò mọ̀ pé ohùn mi lè kéré tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n yíjú sí mi.

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ ọ́ mọ́. Èmi ni mo kọ ìlà yẹn. Èmi ni mo fi kọ́kọ́rọ́ gidi sínú fáìlì lọ́jọ́ tí àlejò wá, kí n má bàa tẹ́ níwájú wọn. Èmi ni mo ní kí wọ́n má pààrọ̀ ẹ̀. Èmi náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pín in káàkiri.”

Bírò Olùdarí dúró sójú kan. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, mi ò bá bẹ̀ ẹ́ kó gbé mi mì. Mo ń retí èébú, mo tiẹ̀ ń fẹ́ ẹ. Àbíkẹ́yìn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó dìde, omijé sì wá ń bọ́ lójú rẹ̀ báyìí.

“Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n,” ló wí. “Ẹ ṣé gan-an. Mo mọ̀ pé ká ní ẹ ti mọ̀ láti àárọ̀ ni, ẹ ò ní dákẹ́.”

Ẹ-Tún-un-Sọ tẹrí ba, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Mo jẹ́ kí ọmọ náà rò bẹ́ẹ̀.

Mo bá obìnrin náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. “Ẹ ti mọ̀ tipẹ́,” ni mo wí.

“Ìlà méjìlá ló wà nínú fáìlì yẹn. Mọ́kànlá lẹ kà fún mi. Mo ní kẹ́ ẹ tún un kà, mọ́kànlá náà lẹ tún kà. Ojú mi ò dára, ọ̀gá, àmọ́ mo mọ òǹkà.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ ọ́ ní aago mẹ́wàá?”

“Iṣẹ́ tèmi ni kí n mọ̀. Mo sì fẹ́ wo bó ṣe máa pẹ́ tó lọ́wọ́ yín.” Ó wo aago. “Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún. Mo ti rí èyí tó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti rí èyí tí kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ náà.”

Ó ní òun ò ní ẹ̀sùn tóun máa fi mú ẹni tó gbàgbé nǹkan, pé ìyókù dọwọ́ Olùdarí. Ó ní kí n lọ rí bàbá tó ṣubú, kì í ṣe lọ́la, lọ́jọ́ náà gan-an. Àbíkẹ́yìn ní òun náà á bá mi lọ, torí òun lòun kọ ọ̀rọ̀ tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ ọ̀hún. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní ẹnì kan ṣoṣo ló lè wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nísàlẹ̀, mo gòkè lọ.

Bàbá ń sùn, báńdéèjì yí orí rẹ̀ ká, apá rẹ̀ wà nínú símẹ́ńtì funfun. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í nínú aṣọ aláìsàn, ó ń bó ọsàn sílẹ̀ dìgbà tó bá jí. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́.

“Wọ́n ní ọmọbìnrin kan ni,” ni ìyá wí.

“Kì í ṣe òun, mà. Èmi ni.”

Ọ̀bẹ dúró lára ọsàn. “Nígbà tí mo rìn wá síbí láàárọ̀, tó lajú tó rí mi, ó pariwo. Ọkọ mi ń sá fún mi. Ọdún méjìlélógójì la ti jọ ń gbé.”

Mo ń wo apá bàbá nínú símẹ́ńtì.

“Agbẹ̀bí ni mí,” ló wí nígbà tó yá. “Àwọn ọmọ tí ọwọ́ mi yìí ti gbà kò lóǹkà. Mi ò ṣépè fún ọmọ ẹnikẹ́ni rí láyé mi. Lónìí ni mo ṣẹ́ ẹ. Mo ní ọmọbìnrin yẹn ò ní gbọ́ igbe ọmọ tirẹ̀ láéláé.” Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. “Ìgbà wo ni ìwọ mọ̀ pé ìwọ ni?”

Mo lè ní aago méjìlá. Kò sẹ́ni tó máa já mi nírọ́ níbẹ̀.

“Aago mẹ́wàá, mà.”

“Aago mọ́kànlá ni wọ́n wá sọ fún wa pé òun ni.” Ó ń wò mí, kò pariwo, ohùn rẹ̀ kò le. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó, ìyá náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. “Lọ mú un wá fún mi. Mo fẹ́ fi ẹnu ara mi gbà á padà, kó sì jẹ́ lójú rẹ̀. Àmọ́ ìwọ ni wàá sọ ìdí rẹ̀ fún un. Èmi ò ní bá ẹ sọ ìyẹn.”

Àbíkẹ́yìn dìde bó ṣe rí mi. “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n gba ẹ̀bẹ̀?”

“Ìyá ní kó o wá. Wọ́n ṣépè fún ẹ láàárọ̀, ní aago mọ́kànlá. Wọ́n fẹ́ gbà á padà.”

Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àyà. Ó wá gbìyànjú láti fi ẹ̀rín sí i, torí tèmi. “Kì í ṣe ẹ̀bi wọn, ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe ẹ̀bi yín náà. Nígbà yẹn, ẹ̀yin alára ò tíì mọ̀.”

Mo ní kó jókòó. Mo jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì náà, mo sì sọ fún un bí mo ṣe ka fáìlì rẹ̀ sókè, ìlà tí mo fò, àti bí mo ṣe fò ó lẹ́ẹ̀kejì. Mo sọ ohun tí aago ara ògiri ń wí fún un. Mo sọ fún un pé nígbà tó gbé páálí dání tó ń bẹ̀ mí, mo ti mọ̀. Mo sọ fún un pé nígbà tí Olùdarí ń dárúkọ rẹ̀ fún ilé ìwòsàn, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà.

Nígbà tí mo dákẹ́, ó wọ súwẹ́tà rẹ̀, ó gba orí àtẹ̀gùn lọ bá ìyá náà. Mo jókòó síbi tó fi mí sí.